Orúkọ Tí Àká Kò Mọ̀

Tá, tá, tá, tá, tá, tá, tá, tá-tá, tá, tá. Lẹ́yìn náà agogo kékeré kan á dún tíín, ọwọ́ á sì ti orí ẹ̀rọ padà pẹ̀lú ìró gàràrà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wọ́ àga lórí símẹ́ńtì. Ìró taipíráítà ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Ọládipọ̀ ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n bó bá jókòó nínú ilé rẹ̀ ní Leeds, tí òjò ilẹ̀ òyìnbó tí kì í pariwo bá ń rọ̀ sára fèrèsé, ìró yìí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i létí, ṣáájú ohùn ìyá tó bí i pàápàá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìrẹmọ, ní Ifẹ̀, ni ìró náà ti ń wá. Nígbà náà, Àdùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìyàwó Adésọjí, ẹ̀gbọ́n Ọládipọ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ taipísì, ó sì rọ ọ̀gá rẹ̀ títí tí ìyẹn fi yá a ní ògbólógbòó ẹ̀rọ kan. Bó bá ti dáná alẹ́ tán, tó ti fọ abọ́, á gbé e sórí tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, á sì máa lù ú. Ìwé tí wọ́n ní kó máa dà kọ, Gẹ̀ẹ́sì ni láti òkè dé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa àwọn oníṣòwò kan tí kò mọ̀ rí. Kò pẹ́ tó fi sú u. Ló bá kúkú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ará ilé.

Ó ti sọ gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé lórúkọ tirẹ̀, bí ìyàwó ilé ti máa ń ṣe. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tó rẹwà ní ìdí ni Ìbàdíàrán. Èyí tó tẹ̀ lé e, tó máa ń rẹ́rìn-ín ká tó sọ̀rọ̀ dé ibi ẹ̀rín, ni Ẹyinfúnjowó. Ọládipọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin gbọọrọ nígbà náà, ṣòkòtò kì í pẹ́ kúrú sí i lẹ́sẹ̀. Òun ni Àdùnní pè ní Agùntáṣọọ́lò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Ọkọ mi, ẹ wá gbọ́ bí ẹ ṣe ń dún." Ó kọ orúkọ náà níṣojú rẹ̀, ó sì fi yé e pé bí ọwọ́ òun bá ti dé ibi 'o' méjì tó tẹ̀ léra, ẹ̀rọ á ké lẹ́ẹ̀mejì láìmí, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tó ń ké bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Ọládipọ̀ bá ti na ara sórí ẹní, tó gbọ́ tá-tá lọ́dẹ̀dẹ̀, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Oorun á sì gbé e lọ.

Ọdún méjì péré ló sọ pé òun fẹ́ lò nígbà tó ń lọ sókè òkun. Ẹ̀kọ́ ló bá lọ, iṣẹ́ rélùwéè ló dá a dúró, ó gbéyàwó níbẹ̀, ó bímọ níbẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, orí ti funfun, ẹ̀yìn sì ti tẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ ti wà nílé ara wọn. Adésọjí náà ti sùn ní Ifẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó mọ Ọládipọ̀ kó tó mọ òtútù, Àdùnní nìkan ló kù. Bí wọ́n bá ń bi í pé níbo nilé, Ìrẹmọ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n bó bá rò ó dáadáa, kì í ṣe ògiri ló ń rò, obìnrin tó jókòó sínú rẹ̀ ni.

Ìkíni àwọn méjèèjì lórí fóònù dùn ún gbọ́. Àdùnní ju Ọládipọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ìyẹn ni Ọládipọ̀ fi ń sọ 'ẹ' sí i. Ṣùgbọ́n Ọládipọ̀ wà nínú ilé kí Àdùnní tó wọlé, nítorí náà 'ẹ' ni òun náà ń dá padà, pẹ̀lú 'ọkọ mi' lórí rẹ̀. Ẹ, ẹ, ẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe títí. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé àlejò méjì ló pàdé nílé ẹlòmíràn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá, Ọládipọ̀ wálé, ó sì bá kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ilé. Ọ̀kan wà ní pálọ̀, ti Àdùnní ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ taipísì tó ṣe ní yunifásítì, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ń tẹ ìwé orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. Èkejì wà ní yàrá Adésọjí tó ti lọ, ó kún fún àwòrán. Ọdún púpọ̀ ni Adésọjí fi gbé kámẹ́rà kọ́rùn yí ìlú ká, láti Enuwa dé Ìlódè, tó ń ya àwọn ilé àtijọ́ kí wọ́n tó wó. Ẹ̀kẹta ni láptọ́ọ̀pù Fisáyọ̀mi, ọmọ tí Ìbàdíàrán bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì, tó sì ń gbé pẹ̀lú Àdùnní láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti ṣaláìsí.

Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn kọ̀ǹpútà yìí wà, wọn kò sì mọ ara wọn. Bí àwòrán kan bá fẹ́ ti yàrá dé pálọ̀, àfi kí fíláàṣì gbé e. Fíláàṣì kan ṣoṣo náà sì rèé, ó lè wà nínú báàgì Fisáyọ̀mi lọ́fíìsì, ó lè wà lábẹ́ tìmùtìmù àga, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa rí i, ó lè ti kó fáírọ́ọ̀sì bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ọládipọ̀ wò ó, ó ní kò dára kí ilé kan máa rán ara rẹ̀ níṣẹ́ báyìí. Ó ránṣẹ́ pe Solomon tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìlódè.

Solomon gbé àpótí dúdú kékeré kan dé, tí kò ní ojú tí kò ní ẹnu, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún wọn ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó lu ògiri, ó fa wáyà kan lọ sí pálọ̀, ó fa òmíràn lọ sí yàrá Adésọjí; láptọ́ọ̀pù Fisáyọ̀mi, ó ní ìyẹn á máa gba ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ṣe é kí Ọládipọ̀ pàápàá lè máa wo inú rẹ̀ láti Leeds. Ó pe orúkọ àpótí náà ní sáfà. Àdùnní béèrè ohun tí sáfà ń ṣe, Solomon ní oníkálukú á máa kó ohun tó ní síbẹ̀, oníkálukú á sì máa lọ mú ohun tó bá fẹ́ níbẹ̀. Àdùnní ní, "Kí lẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì pọ́n ọn lójú sí? Àká nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Solomon tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ ÀKÁ gàdàgbà sórí àpótí náà. Kò sẹ́ni tó pè é ní sáfà mọ́ nínú ilé náà.

Ó wá ku orúkọ tí wọ́n á máa kọ kí Àká tó ṣílẹ̀kùn, àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ àṣírí kò le, Iremo ni wọ́n fi sí i. Nígbà tó kan orúkọ, Solomon ní ta ni kí òun kọ. Ọládipọ̀ ní, "Kọ tèmi." Ó fẹ̀rín sí i, bí ẹni pé torí pé òun ló ra ẹ̀rọ náà ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wù ú pé bí òun bá ti padà síbi òtútù, kí wọ́n ṣì máa kọ orúkọ òun nínú ilé yẹn lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó tó di pé wọ́n mú nǹkan mìíràn ṣe. Kò sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Solomon kọ oladipo, Fisáyọ̀mi dán an wò, ó ṣí. Ní ọjọ́ kejì, Ọládipọ̀ wọkọ̀ padà.

Ìṣòro kò tètè yọjú, nítorí Fisáyọ̀mi ló ń ṣí i fún gbogbo ilé láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí iná sì padà dé, Àká á gbàgbé gbogbo wọn, á tún béèrè pé ta ni. Àwa náà sì mọ bí iná ti ń ṣe. Fisáyọ̀mi á ti lọ, á wá ku Àdùnní pẹ̀lú àpótí náà. Àdùnní á kọ orúkọ, á kọ Iremo, Àká á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Á tún un kọ. Àká á ní bákan náà. Bí Fisáyọ̀mi bá dé nírọ̀lẹ́, á bá a tó fà sẹ́yìn kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, orúkọ wo lẹ kọ?"

"Orúkọ wọn náà ni."

Fisáyọ̀mi á jókòó, á kọ ọ́, á ṣí. Ó ní bóyá ṣe ni Màmá ń fo lẹ́tà kan. Ó fi bírò dúdú kọ OLADIPO sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, bébà kò sí níbẹ̀ mọ́. Inú Bíbélì Màmá ló ti rí i, wọ́n ká a dáadáa sáàárín Orin Dáfídì. Ó kọ òmíràn. Ìyẹn náà bá èkínní lọ. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Fisáyọ̀mi. Ó pe Ìkẹ́olúwa, àkọ́bí Àdùnní tó wà ní Ìbàdàn, ó sì sọ ohun tó rí fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Ọládipọ̀ ní Leeds nìyẹn. Ìkẹ́olúwa pè é ní ọjọ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní Dádì Leeds, ẹ jókòó. Ó ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: Màmá gbé ẹ̀wà kaná, ó jó di èédú. Màmá pe Fisáyọ̀mi ní Ìbàdíàrán, bẹ́ẹ̀ ìyá Fisáyọ̀mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Màmá ń kó bébà pamọ́. Ó wá sọ èyí tó kẹ́yìn.

"Orúkọ yín, Dádì. Orúkọ yín tó ti mọ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò lè kọ ọ́ mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀wé."

Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe ní Ìbàdàn, òun á wá mú un ní ìparí oṣù. Fisáyọ̀mi á wá ibi kan háyà nítòsí yunifásítì. Ilé Ìrẹmọ, wọ́n á tì í ná. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò sọ fún Màmá, nítorí bí òun bá sọ ọ́, á bá òun jà. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó lè sọ̀rọ̀ tí kò ní jiyàn, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé kì í já ọmọ ilé níyàn.

Ọládipọ̀ ní òun ti gbọ́. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ṣí Wasáàpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Àdùnní: Ìyàwó wa, ẹ kú ilé, ọmọ yín ń fẹ́ kí ẹ wá sinmi lọ́dọ̀ òun. Ó pa 'sinmi' rẹ́. Ó kọ 'ṣeré'. Ó wo ìyẹn, irọ́ ni, ó pa á rẹ́. Ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ láìfi ránṣẹ́, ó lọ po tíì, kò mu ún. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń ṣí ìwé náà tó sì ń pa á dé. Ohun tó ń rò kì í ṣe Ìbàdàn. Ìbàdàn kò burú. Ohun tó ń rò ni kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn Ìrẹmọ, àti pé bí òun bá pe ilé lẹ́yìn ìyẹn, ibo gan-an ni òun ń pè?

Síbẹ̀, nǹkan kan kò jẹ́ kó gbà á gbọ́. Obìnrin tó bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá rántí pé eyín apá ọ̀tún ló ń dun Ọládipọ̀ lọ́dún tó wálé, ó sì béèrè bóyá ó ti fà á. Ó rántí orúkọ ajá tí wọ́n ní nígbà tí Ọládipọ̀ wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ẹni tó rántí ajá, ṣé èèyàn ni yóò wá gbàgbé? Ó pinnu pé òun á kọ́kọ́ pè é kí òun tó fi ìwé burúkú náà ránṣẹ́, kí òun fi etí ara òun gbọ́ bó ṣe ń ṣe é.

Ọ̀sán ló pè, nígbà tó mọ̀ pé Fisáyọ̀mi kò sí nílé. Àdùnní gbé e.

"Ọkọ mi, ẹ kú òtútù. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó ní òun ti jẹun. Àdùnní ní búrẹ́dì ni wọ́n tún jẹ, àbí? Ọládipọ̀ ní búrẹ́dì ni. Àdùnní ní ó yẹ kí ìjọba ibẹ̀ ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nídìí búrẹ́dì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè ara wọn, orúnkún, ẹ̀yìn, ìfúnpá. Lẹ́yìn náà Ọládipọ̀ fẹnu kan Àká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni fọwọ́ kan egbò.

Ohùn Àdùnní tutù lójú kan náà.

"Ẹ̀rọ yín yẹn, ọkọ mi, kò mọ èèyàn. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un."

Ọládipọ̀ ní kó dárí jì í, ọmọdé ni. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà báyìí, kó gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó kọ orúkọ náà bó ti máa ń kọ ọ́, kí òun máa gbọ́. Ó dúró dè é kó kọ̀. Àdùnní kò kọ̀. Ó gbọ́ bí àga ṣe wọ́ lórí símẹ́ńtì. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé fóònù lé igi tábìlì. Adìyẹ kan ń ké lókèèrè, lẹ́yìnkùlé ẹnì kan ní Ìrẹmọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ Àdùnní bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ọwọ́ náà kò wá nǹkan kan. Ẹni tó ń gbàgbé á dúró, á wo ojú kọ̀ǹpútà, á wo ìka. Ọwọ́ yìí kò dúró rárá, ó ń lọ geere, bó ṣe ń lọ láyé ọjọ́un. Kò dún tá bíi ti taipíráítà. Kọ̀ǹpútà kì í pariwo. Tẹ, tẹ, tẹ, tẹ, tẹ, tẹ, tẹ. Ọládipọ̀ rò pé ó ti parí, nítorí orúkọ òun kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ náà kò tíì parí.

Tẹ-tẹ. Tẹ, tẹ.

Ọládipọ̀ di fóònù mọ́ etí, kò mí. Ó gbọ́ bí Àdùnní ṣe kọ Iremo, kíákíá, lẹ́tà márùn-ún. Ó gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe dún tín-ín-rín, ìró tó máa ń ṣe bó bá kọ èèyàn sílẹ̀. Ó gbọ́ bí Àdùnní ṣe mí kanlẹ̀. Kò sí Leeds mọ́. Orí ẹní ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sí ìta ẹní nítorí ó gùn jù ú, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Àdùnní ti gbé fóònù. "Ó tún ní òun kò mọ̀ mí."

"Ìyàwó wa, orúkọ wo lẹ kọ?"

"Orúkọ yín."

"Èwo nínú wọn?"

Ọládipọ̀ gbọ́ bí àga ṣe tún wọ́ lórí símẹ́ńtì.

"Ọkọ mi," ló wá sọ, "èwo ni mo mọ̀?"

Ó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí Àdùnní ti fẹsẹ̀ wọ ilé náà, kò pe Ọládipọ̀ ní Ọládipọ̀ rí. Kò pe Adésọjí ní Adésọjí. Kò pe ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé lórúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, títí dórí èyí tó wà ní ìdí ọmú. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn, kò sì rí ìdí tí kíkọ yóò fi yàtọ̀ sí pípè. Ẹni tó ń tẹ̀wé mọ̀ pé ohun téèyàn bá kọ, ó ti wí i. Ọládipọ̀ mọ gbogbo èyí. Àwọn òyìnbó tó ń pè é ní Dipo láìfi ohùn sí i fún ogójì ọdún ni kò jẹ́ kó rántí pé ẹnì kan wà tí kò lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ó béèrè pé kí ló dé tí kò sọ. Àdùnní ní kí òun sọ fún ta ni? Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe bàbá ọkọ wọn lórúkọ bí ẹni ń pe bọ́ọ̀sì. Bí òun bá sọ pé òun kò lè kọ orúkọ ọkọ òun, Fisáyọ̀mi á rẹ́rìn-ín títí yóò fi dé ọ́fíìsì. Òun sì ronú pé bó pẹ́ bó yá, ẹ̀rọ náà á gbọ́n. Gbogbo ilé ló mọ Agùntáṣọọ́lò, kí ló dé tí Àká nìkan kò fi mọ̀? Ní ti bébà, ó ní wọ́n kọ orúkọ èèyàn gàdàgbà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta bí orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá, ẹni tó bá wọlé ń kà á. Òun kò lè ya á. Òun gbé e síbi tó dára.

"Ẹ̀wà tó jó ńkọ́?"

"Ẹ̀wà jó nítorí yín. Àwọn àwòrán tí bàbá Ìkẹ́olúwa yà, mò ń kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ wọ́n bí ẹ bá ń wò wọ́n níbẹ̀ yẹn. Ẹ ti gbàgbé ìlú yìí púpọ̀." Ó sọ èyí tó kẹ́yìn láìfi gbígbóná sí i. Ní ti Ìbàdíàrán, ó ní Fisáyọ̀mi ló dìde lọ́jọ́ kan tó ró ìró, ìdí ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé wá. Ta ni kò ní pe ìyá rẹ̀?

Ọládipọ̀ béèrè bóyá ó mọ ohun tí Ìkẹ́olúwa ń gbèrò. Àdùnní ní òun mọ̀, ó ti bọ́ lẹ́nu Fisáyọ̀mi. Ìkẹ́olúwa ti ra bẹ́ẹ̀dì. Ó ní yàrá náà ní fèrèsé méjì. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rù ló ń bà á, òun kò sì fẹ́ kó máa bẹ̀rù ní tòun. Bí ẹ̀yin náà bá ní kí òun lọ, ọkọ mi, òun á lọ.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wálé lọ́yẹ́, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún yín?"

Ọládipọ̀ ní kó fún òun ní àyè díẹ̀, kó má kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Ó pe Solomon. Solomon wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò tó nǹkan, òun lè ṣe é láti ibi tí òun jókòó sí. Orúkọ wo ni kí òun fi rọ́pò? Ọládipọ̀ sọ ọ́. Solomon ní kí ó tún un sọ. Nígbà tó gbọ́ ọ dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, kúkúrú ló dára nínú nǹkan báyìí."

"Èyí kò kúrú," ni Ọládipọ̀ wí. "Òun gan-an nìyẹn."

Ó pe lẹ́tà rẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà sórí ìlà Àdùnní, ó ní kó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ó tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tẹ-tẹ ní ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n ìró ìkọ̀sílẹ̀ kò dún lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ìró kankan. Lẹ́yìn náà Àdùnní ní, "Hẹn-ẹn," bí ẹni tí àlejò tó ń bínú sí wá kí. "Ó ti wá gbọ́n. Ẹ wò ó, ọkọ mi, mo ń fi nǹkan ránṣẹ́ sínú àká."

Ọládipọ̀ ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò pẹ́, àwòrán kan yọ. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni, kó tó di pé wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ọ̀dọ́kùnrin kan sì dúró síbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà, ṣòkòtò rẹ̀ mọ ní àárín ojúgun. Àdùnní ti tẹ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀: Ilé wa, Ìrẹmọ. Ẹni tó wà níbẹ̀, aṣọ kò lè tán lára rẹ̀. Ọládipọ̀ wò ó títí. Ó dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bó ti lè nà tó, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. Ó sọ fún Àdùnní lórí fóònù pé òun kò gùn mọ́. Àdùnní ní aṣọ kò gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n dágbére tán, ó ṣí ìwé tó ti ń kọ láti ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ní Ìbàdàn nínú. Ó pa á rẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó wá bọ́ sí ibi tí gbogbo ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ lórí Wasáàpù, níbi tí Ìkẹ́olúwa àti Fisáyọ̀mi wà, tí Àdùnní náà wà, ó sì kọ èyí, kò sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀:

"Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìkẹ́, o ṣeun tí o ra bẹ́ẹ̀dì. Gbé e wá sí Ìrẹmọ, èmi ni n ó sùn lórí rẹ̀ lọ́yẹ́ yìí, kí o sì rí i pé ó gùn dáadáa. Ìyá rẹ kò gbàgbé nǹkan kan, àwa la gbàgbé. Kò lọ síbì kankan. Láti òní, orúkọ tí ẹ ó máa kọ kí Àká tó ṣí ni aguntasoolo, 'o' méjì lẹ́yìn 's'. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wa. Èmi ni, Agùntáṣọọ́lò."